Ta Ni Ó Ni Ilé-Ìkàwé?

Bí ènìyàn bá béèrè ìtàn ilé-ìkàwé ní ilẹ̀ Yorùbá lọ́wọ́ àwọn tí ó mọ̀ nípa rẹ̀, ọdún 1932 ni wọn yóò kọ́kọ́ dá fún un. Wọn yóò ní ní ọdún náà ni àjọ tí Andrew Carnegie dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi 6,000 dọ́là ṣe ìrànlọ́wọ́, tí a fi dá ilé-ìkàwé kan sílẹ̀ ní Èkó. Láti ibẹ̀ wọn yóò fò sí ọdún 1946, nígbà tí British Council àti Ìgbìmọ̀ Ìlú Èkó jùmọ̀ dá èyí tí ó jẹ́ ti gbogbo ìlú sílẹ̀. Wọn yóò tún bọ́ sí ìpàdé ńlá tí UNESCO pè sí Ìbàdàn ní 1953 nítorí ọ̀rọ̀ ilé-ìkàwé ní Áfíríkà. Lẹ́yìn èyí ni iye ìwé, iye ọkọ̀, iye ẹ̀ka, àti orúkọ ẹni ńlá tí ó gé okùn ní ọjọ́ ìṣílé. Mo ti ka irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ. Òtítọ́ ni wọ́n ń sọ, n kò já wọn ní irọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí n kò rí nínú gbogbo wọn: n kò rí ẹni tí ó ń ka ìwé.

Ẹjọ́ tí mo fẹ́ bá àwọn tí ń kọ ìtàn yìí rò nìyẹn, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin olùkọ́ wa jókòó gbọ́ ọ. Ìtàn olùfúnni ni wọ́n ń kọ. Wọn kì í kọ ìtàn ẹni tí a fún. Ó dàbí ẹni tí ó ń ròyìn ìyàwó tí a gbé, tí ó ka iye agboòrùn àti iye màlúù tí a pa, tí kò sì rántí dárúkọ ìyàwó.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọdún 1932 náà dáradára. Ilé-ìkàwé tí a fi owó Carnegie dá sílẹ̀ ní Èkó, ti àwọn tí ó san àsansílẹ̀ owó ni. Òyìnbó ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Akọ̀wé Yorùbá tí ó lówó lọ́wọ́ tí ó sì láyà lè wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ alátà tí ó ń ka ìwé kẹfà kò ní ohun tí yóò wá síbẹ̀. Nígbà náà, kí ni ó dé tí a fi ń pè é ní ìpìlẹ̀ ilé-ìkàwé ìlú? Ọmọ Èkó kan tí ó jẹ́ oníṣòwò, Tom Jones, ti fi owó sílẹ̀ nínú ìwé ìhágún rẹ̀ kí a fi kọ́ gbọ̀ngàn àti ilé-ìkàwé fún àwọn ará ìlú. Òun kì í ṣe òyìnbó, kì í sì í ṣe ìjọba. Ó yẹ kí orúkọ tirẹ̀ ṣáájú ti Carnegie nínú ìtàn wa, ṣùgbọ́n ìlà kan péré ni wọ́n ń fún un, bí wọ́n bá tilẹ̀ fún un rárá.

Ti Henry Carr tún wà níbẹ̀. Ọmọ àwọn Ẹ̀gbá tí ó ti Sàró padà bọ̀ ni, Èkó ni a sì bí i sí ní 1863. Ó ṣiṣẹ́ ìjọba títí ó fi di ẹni ńlá nínú rẹ̀, kò sì sí oṣù kan tí kò ra ìwé. Nígbà tí ó kú ní 1945, ìwé tí ó kó jọ tó nǹkan bí 18,000. Ìjọba ra gbogbo rẹ̀, ìwé náà sì di ara ìpìlẹ̀ ilé-ìkàwé University College ní Ìbàdàn, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1948. Àwọn ìwé Herbert Macaulay, tí ó kú ní 1946, wà ní Ìbàdàn náà pẹ̀lú. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń jẹ nínú ọrọ̀ yẹn títí di òní, nítorí náà n kò gbọdọ̀ ṣe aláìmoore. Síbẹ̀ ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí. Ní àkókò kan náà tí ìlú Èkó ń wá ìwé tí yóò kó sí orí pẹpẹ ilé-ìkàwé rẹ̀, ìwé tí ó pọ̀ jù lọ tí ọmọ Èkó kan tíì kó jọ gba ọ̀nà Ìbàdàn lọ sí ibi tí ẹni tí kò bá yege ìdánwò kò lè wọ̀. Láti ìgbà náà wá, ọ̀nà kan náà ni a ń tọ̀: bí ìwé bá dára, yunifásítì ni ó ń lọ, èyí tí ó bá ṣẹ́ kù ni ti ìlú.

Ṣùgbọ́n bí èmi ni a bá ní kí n kọ ìtàn náà, Èkó kọ́ ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀yọ́ ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, ọdún 1897 ni n ó sì fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún náà ni Samuel Johnson, àlùfáà ìjọ C.M.S. ní Ọ̀yọ́, parí ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìtàn àwọn Yorùbá. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó ti fi ń bi àwọn àgbà léèrè, tí ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí pé àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ń kú tán. Ní 1899, ó fi ìwé àfọwọ́kọ náà ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nípasẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì. Kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ní 1900, àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì lọ bá òǹtẹ̀wé náà fúnra rẹ̀. Èsì tí ó gbà ni pé wọn kò mọ ibi tí wọ́n fi ìwé náà sí, wọn kò rí i mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe tán láti san owó rẹ̀.

Ẹ dákun, èló ni wọn ì bá san? Ta ni yóò dá iye lé e? Mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà tí mo ti kà á, n kò sì rí ìdáhùn. Ní 1901 ni Samuel Johnson kú, láìfojú rí iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Àbúrò rẹ̀ ni ó tún un kọ, tí ó ń ṣa á jọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀. Nígbà tí ó parí rẹ̀, ó di ẹrù náà, ọkọ̀ ojú omi tí a ń pè ní Appam sì gbé e kúrò ní Èkó ní oṣù January 1916. Ogun àgbáyé kìíní ń lọ lọ́wọ́. Ọkọ̀ ogun Jámánì kan, Möwe, mú Appam lójú òkun, ó sì di Amẹ́ríkà kí wọ́n tó tún rí i. Ó tó nǹkan bí ọdún méjì kí ìwé náà tó dé ọwọ́ àwọn tí yóò tẹ̀ ẹ́, nígbà náà bébà ti wọ́n gógó nítorí ogun. Ọdún 1921 ni ìwé náà tó jáde. Obadiah ti kú ní 1920. Nínú àwọn ọmọ ìyá méjì tí ó fi ẹ̀mí wọn ṣe iṣẹ́ kan, kò sí èyí tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ìwé náà.

Àwọn ènìyàn a máa sọ ìtàn yìí láti fi yin ìfaradà àwọn Johnson, ó sì yẹ ní yíyìn. Ṣùgbọ́n ojú mìíràn ni mo fi wò ó. Ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìtàn gbogbo Yorùbá run kì í ṣe ọ̀tá. Ọ̀tá ni Möwe, ó mú ọkọ̀, síbẹ̀ ìwé náà padà wá. Òǹtẹ̀wé tí ó jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀ ni kò rí i mọ́. Ohun tí ó sì jẹ́ kí àṣìṣe òǹtẹ̀wé kan di àdánù fún odidi ènìyàn ni pé ẹ̀dà kan ṣoṣo ni ó pé. Kò sí ilé kan ní Ọ̀yọ́, kò sí ní Ìbàdàn, kò sí ní Èkó, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gba ẹ̀dà kejì kí ó sì tì í mọ́lé. Ohun tí mo ń pè ní ilé-ìkàwé nìyẹn ní ìpìlẹ̀: ibi tí ẹ̀dà kejì wà. Àga, fèrèsé, fáànù àti gígé okùn ń bọ̀ lẹ́yìn.

Àwọn kan yóò ní Ọ̀yọ́ ti ní ilé-ìkàwé tirẹ̀ kí òyìnbó tó dé, pé àwọn arọ́kin ni. Òtítọ́ ni pé lọ́dọ̀ àwọn arọ́kin ni Johnson ti rí púpọ̀ nínú ohun tí ó kọ nípa àwọn Aláàfin àtijọ́. Àwọn ni ìdílé tí a yàn, tí ń sọ ìtàn ọba láti ọ̀dọ̀ baba dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Ọ̀rọ̀ tí Amadou Hampâté Bâ, ọmọ ilẹ̀ Málì, sọ ní UNESCO ní 1960 ni a sì máa ń fà yọ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, èyí tí ó fi ikú arúgbó wé ilé-ìkàwé tí iná jó. Ọ̀rọ̀ náà dùn gbọ́, òun ni wọ́n sì ń fi parí ọ̀pọ̀ àpilẹ̀kọ nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ bí irú tiwa yìí. N kò gbà á. Arọ́kin kì í ṣe ilé-ìkàwé. Ti ọba ni arọ́kin. Ìtàn tí ọba kò fẹ́ gbọ́, arọ́kin kì í sọ ọ́ lójú agbo, ẹni tí ó bá sì wá láti Akẹ̀sán pẹ̀lú agbọ̀n lórí kò lè dá a dúró kí ó ní, 'Baba, ẹ bá mi wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú ìyá mi.' Ilé-ìkàwé ìlú, èyíkéyìí tí ìbáà jẹ́, ohun tí ó fi jẹ́ ti ìlú ni pé aláṣọ àkísà lè béèrè, kí a sì dá a lóhùn. Bí a bá ń pe gbogbo ohun tí ó bá ti ń rántí ní ilé-ìkàwé, a ó gbàgbé láti béèrè èyí tí ó ṣí ilẹ̀kùn.

Láti ìgbà tí iná ti jó apá kan ààfin Ọ̀yọ́ ní January 2013 ni mo ti ń ronú lórí òwe wa tí ó ní ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Fún igi àti amọ̀, òwe náà tọ́. A lè tún ilé kọ́ kí ó dára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Fún ìwé àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, òwe náà kò bá wọn wí.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ti di ti ẹnu, ẹ jẹ́ kí a wo orúkọ tí a sọ nǹkan yìí, nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ èdè ni wá. Ilé-ìkàwé ni gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n sí. Àwọn kan a máa pè é ní ilé-ìkówèésí. Ọ̀kan ń sọ pé kí a jókòó kà á, èkejì ń sọ pé kí a kó o síbẹ̀. Kò sí èyí tí ó dárúkọ yíyá nínú méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ni yíyá ni ọkàn iṣẹ́ náà. Ẹni tí ó dá òfin ilé-ìkàwé ìlú sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1850 kò ro pé kí alágbẹ̀dẹ fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀sán kí ó wá jókòó. Ìwé ni ó yẹ kí ó bá alágbẹ̀dẹ lọ sí ilé ní alẹ́.

Ó tún ku ibì kan. Nínú èdè wa, 'kàwé' ní ìtumọ̀ méjì. Bí mo bá ní Àjàyí ń kàwé, ó lè jẹ́ pé ìwé ìtàn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ṣáájú wá sí ọkàn olùgbọ́ ni pé ó ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, tàbí pé ìdánwò ń bọ̀. Ẹni tí ó 'kàwé' ni ẹni tí ó ní ìwé ẹ̀rí. Nítorí náà nígbà tí a kọ ilé-ìkàwé sí ara ògiri, ohun tí ìlú kà níbẹ̀ ni ilé ìmúrasílẹ̀ ìdánwò. Ohun tí a sì fi í ṣe nìyẹn.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo wọ ilé-ìkàwé ìjọba kan ní agbègbè wa yìí ní ọjọ́ ọjà. N kò ní dárúkọ ìlú náà, nítorí olùtọ́jú ìwé tí mo bá níbẹ̀ ṣe mí dáradára, wàhálà rẹ̀ sì pọ̀ ju owó oṣù rẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ bí ogún ni ó jókòó. Gbogbo wọn ni ó gbé ìwé tiwọn ti ilé wá: ìwé ìbéèrè WAEC, ti JAMB, àkọsílẹ̀ kíláàsì. Kò sí ẹni tí ó dìde lọ sí ibi pẹpẹ ìwé ní gbogbo wákàtí méjì tí mo fi wà níbẹ̀. Àga, tábìlì àti ìdákẹ́jẹ́ ni wọ́n wá yá, nítorí pé ilé wọn kún fún ariwo, èmi kò sì bá wọn wí. Mo béèrè ìwé ìtàn ìlú náà ní èdè Yorùbá. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó ní, 'Ọmọ mi, ìwọ ni ẹnìkíní tí yóò béèrè rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti dé ibí.' Ó wá a tọkàntọkàn. Ohun tí ó mú jáde ni ìwé ìmọ̀ ìṣirò kan tí a tẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹnì kan fi ta wá lọ́rẹ.

Ṣé ọmọ náà ni kò fẹ́ràn ìwé, tàbí ìwé ni kò fẹ́ràn ọmọ? Ẹ má jẹ́ kí a tètè dáhùn. Ní January 1955, Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Iye ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti nǹkan bí 457,000 sí 811,000 láàárín ọdún kan. Kò sí ìjọba mìíràn ní Áfíríkà nígbà náà tí mo lè fi wé e ní ti ìgboyà. Gbogbo ọmọ wọ̀nyí ni a kọ́ láti kàwé. Kí ni a fi sí ọwọ́ wọn nígbà tí wọ́n jáde? Ní Ìlà-Oòrùn, wọ́n ti ṣe òfin ilé-ìkàwé ní 1955 kan náà, wọ́n ní ìgbìmọ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju èyí lọ, UNESCO ràn wọ́n lọ́wọ́, wọ́n sì ṣí ilé ńlá ní Enugu ní 1959. Ní ilẹ̀ Gánà, wọ́n ti ṣáájú gbogbo wa: ìwé tí Bíṣọ́ọ̀bù Aglionby ṣí sílẹ̀ fún àwọn ará Accra ní 1928 ni ó dàgbà di ìgbìmọ̀ tí òfin ọdún 1949 gbé kalẹ̀, ọkọ̀ tí ń kó ìwé káàkiri sì ń dé àwọn ìlú tí iná mànàmáná kò tíì dé. Ní Ìwọ̀-Oòrùn wa, abẹ́ ilé-iṣẹ́ ẹ̀kọ́ ni a fi iṣẹ́ ilé-ìkàwé sí. Ó jẹ́ ọmọ àgbàtọ́ nínú ilé tí àwọn ọmọ bíbí ti pọ̀. Bí owó bá dé, ilé-ẹ̀kọ́ ni yóò kọ́kọ́ jẹ. Ìwọ̀nba tí ó bá kù ni ti ìwé. Lẹ́yìn tí a dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀ ní 1976 ni ìpínlẹ̀ náà ní ìgbìmọ̀ ilé-ìkàwé tirẹ̀, Ìbàdàn ni olú-ilé rẹ̀ sì wà. Ọ̀yọ́ ni ó ni orúkọ, Ìbàdàn ni ó ni ilé. Ṣùgbọ́n ìjà yẹn ti pẹ́, n kò ní dá a sílẹ̀ níbí.

Ẹni tí ó bá ní owó ni kò sí, kí ó rántí pé owó-orí ni àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì fi gbé tiwọn ró, kì í ṣe ẹ̀bùn. Carnegie fúnra rẹ̀, tí ó kọ́ ilé-ìkàwé tí ó ju 2,500 lọ káàkiri ayé, kì í fún ìlú ní ilé bí ìlú náà kò bá ṣèlérí pé òun yóò máa fi owó ara òun tọ́jú rẹ̀ lọ́dọọdún. Àwa gba apá kan nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀, a fi apá kejì sílẹ̀. Ẹni tí ó bá sì rántí Àgbẹ́kọ̀yà ní 1968 sí 1969 mọ̀ pé àwọn àgbẹ̀ wa kò kọ owó-orí nítorí ahun nìkan. Wọ́n ní àwọn kò rí ohun tí a ń fi í ṣe. Ọ̀nà ni wọ́n dárúkọ. Mo lérò pé bí ilé-ìkàwé kan bá ti wà ní abúlé wọn rí, bóyá wọn ì bá dárúkọ òun náà.

Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́tọ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ó yà mí lẹ́nu jù. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ìwé, Ògbómọ̀ṣọ́ kì í ṣe ìlú kékeré. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà Onítẹ̀bọmi ti wà níbẹ̀ láti 1898, kí Johnson tilẹ̀ tó fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́, ilé-ẹ̀kọ́ irú rẹ̀ kò sì lè wà láìní ìwé. Ní 1990 ni a dá Yunifásítì Ìmọ̀-Ẹ̀rọ Ládòkè Akíntọ́lá sílẹ̀, òun náà sì ní ilé-ìkàwé ńlá tirẹ̀. Ní Ọ̀yọ́, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ti St. Andrew's ti ń kọ́ni láti 1896. Ibẹ̀ ni D. O. Fágúnwà ti kẹ́kọ̀ọ́ láti 1926 sí 1929, ọdún mẹ́sàn-án kí ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ tó jáde. Yunifásítì Àjàyí Crowther sì dé ní 2005. Ẹ kà wọ́n: ti ìjọ, ti olùkọ́, ti yunifásítì. Ìwé pọ̀ ní ìlú méjèèjì. Ṣùgbọ́n níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ẹ̀ṣọ́ wà tí yóò béèrè káàdì. Ìlú tí ó ní kànga mẹ́rin, tí gbogbo rẹ̀ wà nínú ọgbà ẹlòmíràn, kò ha lè máa kú fún òùngbẹ?

Ẹ sì wo irú ìwé tí ó yẹ kí ó wà níta. Ní 1914 ni M. C. Adéyẹmí tẹ ìwé rẹ̀ lórí Ọ̀yọ́-Ilé àti Ọ̀yọ́ ìsinsìnyí jáde, ní èdè Yorùbá, ọdún méje kí ti Johnson tó jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1934 ni N. D. Oyèrìndé tẹ Ìwé Ìtàn Ògbómọ̀ṣọ́, èdè Yorùbá ni òun náà fi kọ ọ́. Jọ́ọ̀sì ni a ti tẹ̀ ẹ́, ẹ rò ó wò: ìtàn Ògbómọ̀ṣọ́ láti Jọ́ọ̀sì, nítorí pé àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ oníṣòwò ti tàn dé òkè ọya, wọ́n sì gbé ìtàn ìlú wọn lọ. Èyí ni ìwé tí kò sí olùfúnni òyìnbó tí ó lè fi ta wá lọ́rẹ. Bí a bá kó ìwé 10,000 wá láti London, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí yóò jẹ́ ti Adéyẹmí. Nítorí náà èmi kì í fi iye ìwé díwọ̀n ilé-ìkàwé. Mo máa ń béèrè bóyá ìwé ìlú náà wà níbẹ̀, bóyá ó jẹ́ méjì, àti bóyá ọ̀kan nínú méjèèjì lè bá ènìyàn lọ sílé.

Àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ wa yóò ní fóònù ti parí gbogbo ìjà yìí. Ó parí díẹ̀ nínú rẹ̀. Ìwé Johnson wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ní láti kọ́kọ́ ní ìwé náà lọ́wọ́ kí ó tó lè gbé e sí orí ẹ̀rọ, ibi tí yóò sì ti rí i ni à ń bá bọ̀.

Òfin wà. Láti 1950 ni òfin ti ní kí àwọn òǹtẹ̀wé máa kó ẹ̀dà lọ sí Ìbàdàn. Òfin ọdún 1970 sì ní kí òǹtẹ̀wé kó ẹ̀dà mẹ́ta ohunkóhun tí ó bá tẹ̀ lọ sí Ilé-Ìkàwé Ìjọba Àpapọ̀, èyí tí ó ṣílẹ̀kùn ní Èkó ní 1964. A gbé iṣẹ́ olú-ilé rẹ̀ tuntun fún agbaṣẹ́ṣe ní Àbújá ní 2006, ní 2024 kò tíì parí. Òfin náà dára, ṣùgbọ́n olú-ìlú nìkan ni ó rò. Ó gba ìwé lọ́wọ́ ìlú, kò ní kí a dá ọ̀kan padà fún ìlú tí ìwé náà ti wá.

Ní ìpàdé wa tí ó ń bọ̀, mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ gbà pé nígbàkígbà tí ìwé ìròyìn yìí bá jáde, lẹ́yìn ẹ̀dà mẹ́ta tí òfin béèrè, a ó fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí Ọ̀yọ́, a ó fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, sí ilé-ìkàwé tí kì í béèrè káàdì. Kò wọ́n. Ohun kejì nìyí. Nínú àpótí abẹ́ ibùsùn àwọn òbí wa ni púpọ̀ nínú ìwé Yorùbá wà: ìwé ìtàn ìlú kéékèèké, ìwé àjọ̀dún àádọ́ta ọdún ìjọ, ìwé oríkì ìdílé tí a tẹ̀ nígbà òkú àgbà, ìwé òfin ẹgbẹ́ ọlọ́jà. Ikán mọ ibi tí wọ́n wà ju àwa lọ. Mo ti ra ìwé ńlá aláìníkọ̀wé kan, ó wà lórí tábìlì akọ̀wé. Ẹni tí ó bá lọ sílé ní ìsinmi yìí, kí ó wo inú àpótí náà, kí ó sì kọ orúkọ ìwé, ẹni tí ó kọ ọ́, ọdún, ibi tí a ti tẹ̀ ẹ́, àti ilé tí ó wà nínú rẹ̀, sínú ìwé ńlá náà nígbà tí ó bá padà. Kò pọn dandan kí ó mú ìwé náà fúnra rẹ̀ wá ní ìgbà àkọ́kọ́.